Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Fọwọ́ Kàn Án

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà ti kíláàsì ìrọ̀lẹ́ sọ ní Mushin)

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín kò tíì fi oúnjẹ kan ẹnu láti ọ̀sán, nítorí náà n kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi gùn jù.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí a pa ìwé dé tán, ìyá kan nínú kíláàsì yìí dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n n kò ní dárúkọ rẹ̀. Elùbọ́ ni ó ń tà ní ọjà Olósà. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún mẹ́rin. Owó jẹ́lé-ó-sinmi tí wọ́n dá lé mi, agbára mi ò gbé e. Ojoojúmọ́ ló ń jókòó tì mí nídìí igbá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ka ABC. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ orúkọ ara mi, kí ni mo lè kọ́ ọmọ? Àbí ó ti pẹ́ jù fún un ni?"

Mo sọ fún un pé kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, pé Ọlọ́run yóò ṣe é. Mo wọ ọkọ̀, mo lọ sílé. Nígbà tí mo délé, ojú tì mí. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà ọjà lọ́wọ́ wa, ọ̀nà ni a ń fi hàn án, a kì í gbàdúrà fún un kí a sì máa lọ. Ìdáhùn tí ó yẹ kí n fún un lọ́jọ́ náà ni mo mú wá lálẹ́ òní. Kí ẹ̀yin yòókù náà bá a gbọ́ ọ.

Kò pẹ́ jù rárá. Ìyá ọmọ náà sì mọ ohun púpọ̀ tó lè fi kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdí igbá elùbọ́ yẹn. Kọ́ńgò wà níbẹ̀. Agolo mílíìkì wà níbẹ̀. Ẹ bi ọmọ pé, "Agolo mélòó ni yóò kún kọ́ńgò yìí?" Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ iye tó rò. Ó lè ní mẹ́ta. Ó lè ní ogún. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì sọ iye rẹ̀ fún un. Ẹ fi agolo lé e lọ́wọ́, kó máa bù ú, kó máa kà á. Bí ó bá kà á tán, kó tún un kà. Bí ó bá ń gbá orí agolo, iye kan ni yóò rí. Bí ó bá ń bù ú ní ṣóńṣó, iye mìíràn ni. Yóò wá bi yín pé èwo lẹ fi ń tà. (Ẹ̀yin tí ẹ ti fi òòlù lu ìdí kọ́ńgò yín wọ inú, ẹ má dán ti èyí wò o. Níwájú oníbàárà ni ọmọ yóò ti tú yín fó.)

Ohun tí ọmọ yẹn ń ṣe, sáyẹ́ǹsì ni. Mo mọ̀ pé orúkọ náà ń dẹ́rù bà yín. Ẹ rò pé ilé ńlá kan ni, tí àwọn ènìyàn aláṣọ funfun wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìgò. Ó ń bẹ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ju èyí lọ: kí á wo nǹkan dáadáa, kí á sọ ohun tí a rò pé yóò ṣẹlẹ̀, kí á dán an wò, kí á sì gbà pẹ̀lú sùúrù bí ó bá yàtọ̀ sí ohun tí a rò. Aláró tí ń wo àwọ̀ omi aró rẹ̀ kó tó ki aṣọ bọ̀ ọ́ ń ṣe é. Mẹkáníìkì tí ń fetí sí ẹ́ńjìnnì ní Ládípọ̀ kó tó tú bóòtù kan ń ṣe é.

Ẹ wá gbọ́ ti ọsàn. Èyí ni mo fẹ́ràn jù lọ.

Ẹ wá ọsàn méjì tí wọ́n tóbi dọ́gba, àti bàsíà tí omi wà nínú rẹ̀. Ẹ bó ọ̀kan. Kì í ṣe bí àwọn ọlọ́sàn etí títì ṣe ń fi ọ̀bẹ há a lára o. Funfun abẹ́ èèpo yóò ṣì wà níbẹ̀, ọsàn náà sì lè máa léfòó síbẹ̀. Ọwọ́ ni kí ẹ fi bó o, títí funfun yẹn yóò fi kúrò tán. Ẹ gbé ọsàn méjèèjì lé ọmọ lọ́wọ́. Èwo ló wúwo jù? Yóò ní èyí tí a kò bó. Òótọ́ ló sọ. Èwo ni yóò rì? Yóò tún ní èyí tí a kò bó, torí òun ló wúwo. Èmi àti ẹ̀yin náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀. Ó yá, kó kó wọn sómi.

Èyí tó wúwo léfòó. Èyí tó fúyẹ́ rì.

Ẹ ó rí ojú ọmọ! Yóò yọ wọ́n jáde, yóò tún kó wọn padà. Ẹ jẹ́ kó ṣe é títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ má yára sọ ìdí rẹ̀. Bí ó bá bi yín, ẹ bi òun náà pé, "Kí lo rò?" Ohun yòówù kó sọ, ẹ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní èèpo tí ẹ bó, kó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Yóò rí i pé inú rẹ̀ rọ̀ bíi kànìnkànìn. Afẹ́fẹ́ ló wà nínú àwọn ihò tín-tìn-tín inú èèpo yẹn. Afẹ́fẹ́ náà ló gbé ọsàn dúró lójú omi, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀wù tí wọ́n ń wọ̀ fún èrò inú ọkọ̀ ojú omi tó ń ti Ìkòròdú lọ sí Èkó. Nígbà tí ẹ bó èèpo, ẹ̀wù yẹn lẹ bọ́ lọ́rùn ọsàn. Omi dídùn inú rẹ̀ sì wúwo díẹ̀ ju omi lásán lọ, ìdí nìyẹn tó fi rì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìṣó kékeré ṣe ń rì, tí ọkọ̀ òkun onírin tó ga ju ilé lọ ń léfòó wọ Àpápá. Afẹ́fẹ́ ló pọ̀ nínú ọkọ̀. Ìṣó kò ní.

Kò pọn dandan kí ọmọ ọdún mẹ́rin mọ gbogbo èyí lọ́jọ́ kan. Kó ti rí i pé ojú lè tàn wá, kí ó sì fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti parí. Ẹ jẹ ọsàn yín.

Bí ẹ bá ń rìn káàkiri Surulere, Yaba àti Mushin, ẹ ó rí pátákó ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi lọ́tùn-ún lósì. Orúkọ kan wà tí ẹ ó máa rí léraléra lára wọn: Montessori. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń kà báyìí, ẹ ó ti kà á lójú ọ̀nà, ẹ ó sì ti máa rò pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Orúkọ obìnrin kan ni. Maria Montessori, dókítà ará Ítálì, tí wọ́n bí ní 1870. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní ọdún 1907 ni wọ́n ṣí ilé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí ó mójú tó ní San Lorenzo, àdúgbò àwọn tálákà ní ìlú Róòmù. Bí Mushin wa yìí ni ibẹ̀ rí nígbà náà. Àwọn òbí a ti jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Ọmọ tí kò tíì tó ilé ìwé lọ a kù sílé, a máa sáré sókè sódò lórí àtẹ̀gùn, a máa ba ògiri jẹ́. Nítorí ògiri wọn ni àwọn onílé fi kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò máa bá wọn ṣọ́ ọmọ. (Onílé ni onílé ń jẹ́ níbi gbogbo.)

Ìyá yìí kò kó ìwé síwájú àwọn ọmọ náà. Nǹkan ló fún wọn láti fọwọ́ kàn. Igi rìbìtì ńlá àti kékeré, tí ọmọ yóò ki ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ ihò tó bá a mu. Aṣọ tí wọn yóò máa de bọ́tìnnì rẹ̀, tí wọn yóò tún máa tú u. Omi tí wọn yóò máa bù láti inú ife kan sínú òmíràn láìdà á nù. Ó fi sáńpépà gé lẹ́tà, kí ọmọ máa fi ìka tọ ojú rẹ̀. Ọwọ́ ọmọ a mọ lẹ́tà kó tó di pé ó mú pẹ́ńsù.

Ní òde òní, ẹ wọ inú òmíràn nínú àwọn ilé tó gbé orúkọ obìnrin yìí kọ́ yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́ta jókòó gbọnin sórí bẹ́ǹṣì, ó ń da A dé Z kọ láti ojú pátákó, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan. N kò ní gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀ o. Àwọn tó ń ṣe é bó ti yẹ wà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó, ẹ wọlé, ẹ wo ọwọ́ àwọn ọmọ. Kí ló wà níbẹ̀?

Ìyá elélùbọ́, sáńpépà Montessori yẹn wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ da elùbọ́ díẹ̀ sórí àwo fífẹ̀, kí ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Ẹ fi ìka kọ A. Kí ọmọ fi ìka tirẹ̀ tọ̀ ọ́. Ẹ mi àwo, ó ti parẹ́. Ẹ kọ B. Ẹ kọ D. Ṣé ẹ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn babaláwo ti ń tẹ Ifá lórí ìyẹ̀rosùn kí òyìnbó tó dé? Lẹ́tà tí ẹ bá kọ́ níhìn-ín lálẹ́ Ọjọ́ Ajé, ẹ kọ ọ́ fún un láàárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ ó rí i pé ẹ̀yin fúnra yín kò ní gbàgbé rẹ̀ mọ́. Elùbọ́ náà kò ṣòfò, ẹ lè rò ó ní àmàlà fún ara yín lálẹ́. Kí ẹ má ṣáà dà á padà sínú igbá fún wa.

Ilé tí púpọ̀ nínú wa ń gbé, yàrá mẹ́wàá ló kojú sí ara wọn, gbàgede kan ṣoṣo ni gbogbo wa sì ń lò. Ààyè eré kò sí. Ṣùgbọ́n oòrùn ń wọ gbàgede náà. Ẹ mú ọmọ dúró sójú kan láàárọ̀, ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ, kí ẹ fi èédú fa ìlà yí òjìji rẹ̀ ká. Kó tún dúró síbẹ̀ gan-an lọ́sàn-án. Kó tún dúró síbẹ̀ ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Òjìji tó gùn láàárọ̀ ti kúrú lọ́sàn-án, ó tún ti gùn ní ìrọ̀lẹ́, ó sì ti kọjú sí ibòmíràn. Ta ló yí i? Ẹ jẹ́ kó wá a. Kí ó má ṣáà tẹjú mọ́ oòrùn, nítorí ó ń ba ojú jẹ́.

Ẹ̀yin àgbà náà, ẹ gbọ́ tiyín. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn ń bọ́ sí àárín orí wa gan-an ní Èkó níhìn-ín: ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù kẹrin àti ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù kẹsàn-án. Bí ẹ bá ri igi tó dúró ṣánṣán mọ́lẹ̀ ní nǹkan bí agogo kan ọ̀sán ku ìṣẹ́jú 15, òjìji rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá. Ní oṣù kejìlá, òjìji ọ̀sán a máa kọjú sí ọ̀nà Ìkejà. Ní oṣù kẹfà, bí òjò bá gbà fún wa, a yí padà, a kọjú sí ọ̀nà òkun. Mo ti ṣe olùkọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó mọ èyí. Mo ti kà nínú ìwé pé oòrùn ń yọ ní ìlà-oòrùn, ó ń wọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn, mo sì ti fi kọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ. N kò jáde lọ wò ó rí.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí kò dùn lẹ́nu mi.

Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, ní àsìkò òjò, ọmọkùnrin kékeré kan láti kíláàsì àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ gbé agolo kan wá sí ilé ìwé. Omi gọ́tà ló wà nínú rẹ̀, légbélègbé sì wà nínú omi náà, ìyẹn ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tí kò tíì lẹ́sẹ̀. Gbogbo kíláàsì ru, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń ti ara wọn kí wọ́n lè rí i. Mo jáde láti ọ́fíìsì mi pẹ̀lú pàṣán. Mo gba agolo náà, mo dà á sí gọ́tà, mo na ọmọ náà ní ẹgba mẹ́ta. Mo ní ilé ìwé ni mo ń ṣe, n kì í ṣe ọlọ́jà ẹja. Bí ó ti ń sunkún, ó ní, "Ọ̀gá, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti ń yọ."

Mo gbọ́ ọ. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ń há ìgbésí ayé ọ̀pọ̀lọ́ sórí láti inú ìwé: ẹyin, lẹ́yìn náà légbélègbé, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ yóò yọ, ìrù yóò sì súnkì títí yóò fi parẹ́. Wọ́n kà á bíi katikísìmù. N kò rò pé ọ̀kan nínú wọn ti tẹjú mọ́ ọn rí. Ọmọ ọdún márùn-ún kan ti rí i fúnra rẹ̀, ó ti ń ṣọ́ ọ láti ọjọ́ púpọ̀, mo sì nà án nítorí rẹ̀. Ìyáàfin tó ń kọ́ ọmọ náà sọ fún mi ní òpin ọdún pé kò béèrè ohunkóhun mọ́ láti ọjọ́ náà. N kò mọ ibi tí ó wà lónìí. Bí ọmọ yín bá gbé agolo wálé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo inú rẹ̀.

Èdè wo ni kí ẹ fi bá ọmọ sọ gbogbo èyí? Ìyá kan ní Surulere sọ fún mi pé òun kì í sọ Yorùbá sí ọmọ òun, kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ má baà bàjẹ́. Gẹ̀ẹ́sì tí ìyá náà fúnra rẹ̀ gbọ́ kò ju kí ó fi pe ọmọ wá, kí ó sì fi lé e lọ. Ọmọ tí ẹ fi irú èdè bẹ́ẹ̀ tọ́, báwo ni yóò ṣe bi yín pé kí ló dé tí ọsàn fi rì? Báwo ni ẹ óò ṣe dá a lóhùn?

Wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ èdè yìí wò pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ti tó ilé ìwé lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1923, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní ọdún 1970 ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Modákẹ́kẹ́. Odindi ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, ní sáyẹ́ǹsì àti ní ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ. Olùkọ́ ọ̀tọ̀ ló ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan ní wọ́n ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣeré. Nígbà tí wọ́n wá fi wọ́n wé àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọn kò rẹ̀yìn. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì. Fafunwa di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990, ó sì kú ní 2010. Yorùbá tí ẹ gbọ́ ni kí ẹ fi bá ọmọ yín sọ̀rọ̀.

Mo gbọ́dọ̀ kì yín nílọ̀ o. Ọmọ kékeré lè kú sínú omi bàsíà tí kò ju ìkúùkù lọ, nítorí náà ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ ti omi nígbà tí ẹ bá ń dá oníbàárà lóhùn. Bí ẹ bá tán, ẹ da omi náà nù. Ẹ̀wà tí ẹ bá gbìn sínú agolo fún un láti máa wò, ẹ kà á kí ẹ tó fún un, nítorí ọmọ a máa ki ẹ̀wà bọ imú. Bátìrì pẹlẹbẹ wẹ́wẹ́ tó dàbí bọ́tìnnì, èyí tó ń wà nínú aago àti nínú ohun ìṣeré, ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ ọn rárá. Bí ọmọ bá gbé e mì, láàárín wákàtí díẹ̀ ó ti lè jó o lọ́fun. Òòfà kéékèèké náà bẹ́ẹ̀: bí ó bá gbé méjì mì, wọ́n lè fa ara wọn mọ́ra nínú ìfun. Kẹrosíìnì, ẹ má ṣe rọ ọ́ sínú ìgò omi mímu láé. Bí ọmọ bá mu ún, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fipá mú un bì. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ní ti owó jẹ́lé-ó-sinmi. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, Mushin wà lábẹ́ wọn. Yaba àti Surulere, tí wọ́n wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, rí tiwọn ní 1957. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tíì ká orí kó kan etí, wọn a ní kó padà sílé lọ dàgbà. Wọ́n dá èmi náà padà lẹ́ẹ̀kan, mo sì sunkún délé. Ṣùgbọ́n òfin ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe ní 2004, èyí tí a ń pè ní UBE, ka ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ mọ́ ẹ̀kọ́ tí ìjọba ní láti pèsè. Nítorí náà, kí ìyá elélùbọ́ tó lọ jẹ gbèsè, kó kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba tó sún mọ́ ọn, kó béèrè bóyá wọ́n ní kíláàsì ọmọ wẹ́wẹ́, àti ọjọ́ orí tí wọ́n fi ń gbà wọ́n. Kó mú ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ dání. Bí ẹ bá fẹ́ kí n bá yín lọ, ẹ sọ fún mi.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù yín mú ọsàn méjì wá. Èmi yóò mú bàsíà. Ẹ mú àwọn ọmọ dání, kì í ṣe ọjọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsù yín náà, nítorí ohunkóhun tí ọmọ bá sọ nígbà tí ọsàn rì ni ẹ óò kọ sílẹ̀, bó ti sọ ọ́ gẹ́lẹ́, kódà bí kò bá bá ojú ìwé mu. Òun ni ẹ̀kọ́ kíkọ wa lọ́jọ́ náà.